Olóòlà Ìgò

Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Saskatoon.
Yìnyín ń lu fèrèsé bí ẹni ń fọ́n iyọ̀.
Ọkọ̀ tó ti La Ronge bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù sílẹ̀ ni:
ìgò mẹ́rin nínú àpò ọ̀rá,
orúkọ obìnrin kan tí n kò ní fojú kàn,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí dókítà kọ: ibà.

Ibà.
Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ilé.
Ní Ìkìrun, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi pè é ní ibà
lára Oyèníran ẹ̀gbọ́n mi.
A fún un ní àgbo, a fún un ní hóró oògùn,
ẹnikẹ́ni kò bi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léèrè.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà
ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.
Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, èèrà tóbi.
Ohun tí mò ń wá, bí igba irú rẹ̀ bá tò lẹ́sẹẹsẹ,
wọn kò ní gùn tó orí èèrà kan.
Nínú ṣíbí ẹ̀jẹ̀ kan, ó lè jẹ́ ẹyọ kan,
ó sì lè má sí rárá.
Ẹni tó fi ìdérí ìgò bu omi odò,
tó ní kò sẹ́ja níbẹ̀,
ṣé odò ló parọ́ ni, àbí ìdérí?

Lọ́dún tó kọjá mo wọn igba ìgò tí wọ́n fi ránṣẹ́.
Mílílítà mẹ́ta. Mẹ́rin. Méjì àbọ̀.
Ìgò tó yẹ kó gba mẹ́wàá!
Mo gbé ìwé náà lọ bá Arábìnrin Hrycak, ọ̀gá wa.
Ó kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀,
ó ní, "Ẹni mélòó la ti sọ fún pé kò sí nǹkan?"

N kò rí èsì fọ̀.
Mo mú bírò dúdú,
mo fa ìlà sára ìgò kọ̀ọ̀kan
níbi tí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé.
Àwọn nọ́ọ̀sì fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà fi ara mi rẹ́rìn-ín:
ẹ wá wo olóòlà
ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti kọlà!
Ṣùgbọ́n kí ọmọ má baà sọnù la ṣe ń kọ ọ́ nígbà ogun.
Ohun tí èmi náà ń sá fún nìyẹn.

Ìgò alẹ́ yìí, mẹ́ta dé ojú ìlà.
Ìkẹrin kò dé ìdajì; bóyá iṣan ìyá náà ló sá.
N kò jẹ́ kí wọ́n sùn sórí tábìlì di òwúrọ̀,
bí a ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.
Ẹ̀rọ gbà wọ́n, ó ń mì wọ́n jẹ́jẹ́
bí ìyá tó pọn ọmọ.

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, iná tàn.
Mo tẹ́ ẹ̀kán kan sórí gíláàsì,
mo fi aró kùn ún, mo fọ̀ ọ́, mo fi osùn kùn ún.
Ó kọ aró, ó gba osùn:
ọ̀pá pupa kéékèèké,
bí igi ìṣáná tí ọmọdé ṣẹ́ dànù.

Mo pe La Ronge. Nọ́ọ̀sì Roseanne ló gbé e.
Mo sọ àwọ̀ rẹ̀, mo sọ ìrí rẹ̀,
ó tún un sọ fún mi, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.
Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ ń sáré
kí fóònù tó kú.

Ìgò tí kò dé ojú ìlà dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó dákẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún.
Ká ní òun nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ ńkọ́?

N kò mọ̀ bóyá ìyá náà yè.
Ìtàn kì í sábà padà wá sí láàbù.
Mo ti wọ kóòtù tán, mo ti ń wá ìbọ̀wọ́ mi,
nígbà tí mo rí páálí ìgò tuntun lẹ́nu ọ̀nà.
Mo jókòó padà.
Mo ṣí bírò.